Odò, Àlà àti Ààlà: Ogún Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Oríṣi ogún méjì ni ìlú máa ń jẹ lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀. Ọ̀kan ni ohun ìní bí ilẹ̀, tí kò lè bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan kí ó má bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èkejì ni ìṣe, bí òrìṣà bíbọ, oríkì, ìkòkò mímọ àti ère gbígbẹ́, tí kì í dín kù bí ẹlòmíràn bá báni ṣe é. Ogún méjèèjì wà ní Ìlobùú, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, àti ní Ifọ́n-Ọ̀ṣun, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òrólú, ìlú méjì tí wọ́n fara kanra. Ìbéèrè tó yẹ kí onírònú bi ara rẹ̀ níbẹ̀ ni pé èwo nínú méjèèjì ló ń sọ ènìyàn di ọmọ ìlú.

Ìtàn tí wọ́n ń pa ní Ìlobùú ni pé ọdẹ ni Erinlẹ̀, pé òun ló ṣamọ̀nà Ọlọ́bùú àkọ́kọ́, ìyẹn ọba ìlú náà, dé ibi tí ó tẹ̀ dó, àti pé nígbà tí ó di odò tán, kò jẹ́ kí ogun Fúlàní kó ìlú náà. Odò Erinlẹ̀ ṣì ń ṣàn lọ pàdé odò Ọ̀ṣun, àwọn ibú inú rẹ̀, bíi Ojútù àti Alámọ̀, sì ní orúkọ àti iyì tiwọn. Nínú ojúbọ, awo òta ló dúró fún òrìṣà yìí, ìyẹn ìkòkò amọ̀ tí ìdérí rẹ̀ dà bí adé, tí omi sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú òta, àwọn òkúta tí omi ti fọ̀ dán tí wọ́n ṣà nísàlẹ̀ odò. Ọgbọ́n àwọn amọ̀kòkò tó dá irú awo yìí sílẹ̀ jinlẹ̀ gidigidi, nítorí wọ́n rí ọ̀nà tí ohun tí kò ṣeé ṣí nípò fi lè bá ènìyàn lọ sí ibikíbi: ẹni tó bá gbé awo ti gbé odò. Ìdí nìyí tí Erinlẹ̀ fi ní olùsìn ní àwọn ìlú tí odò rẹ̀ kò dé rárá, títí dé Òkè-Òdàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, níbi tí Àbátàn, ọ̀gá amọ̀kòkò tí Robert Farris Thompson kọ̀wé nípa rẹ̀, ti mọ awo náà nígbà ayé rẹ̀.

Ní Ifọ́n, Òrìṣà Olúfọ́n ni wọ́n ń bọ, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun tí ọ̀pọ̀ gbà pé Ọbàtálá fúnra rẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ kan náà sì ni oyè tí ọba ìlú ń jẹ. Aṣọ àlà, ẹfun, ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́sẹ́ẹfun àti òjé ni a fi ń mọ olùsìn rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wó ní ọ̀rúndún 19, tí ogun sì ń kó ènìyàn tà fún àwọn onísòwò ẹrú, ogún méjì yìí kò rìn pọ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bràsíl àti Kúbà kò mú ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan dání, síbẹ̀ àwọn òrìṣà dé ọ̀hún. Ní Bahia ní Bràsíl, Olúfọ́n di Oxalufã, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn níbẹ̀ sì ń wọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì nítorí Òṣàlá, ìyẹn Ọbàtálá. Orúkọ ibú Alámọ̀ di Ibualama, òrìṣà ọdẹ. Ní Kúbà, Erinlẹ̀ di Inle, apẹja àti oníṣègùn, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ Ráfáẹ́lì, olú áńgẹ́lì àwọn ìjọ Kátólíìkì. Bí ilé òrìṣà ní Salvador ní Bahia bá ń ṣeré, àwọn òrìṣà ọdẹ wà lára àwọn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọrin fún, Òṣàlá ni wọ́n sì máa ń fi kásẹ̀, tó fi jẹ́ pé òrìṣà Ìlobùú àti ti Ifọ́n ń jó lójú agbo kan ṣoṣo.

Nílé, ogún ti ìṣe rẹ̀yìn bí ọ̀pọ̀ ará ìlú ti di Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ulli Beier, tó gbé ní Ìlobùú ní àwọn ọdún 1950, ṣe ìwé kan tó jáde ní 1957 lórí àwọn ère inú ojúbọ ìlú náà, ìwé ọ̀hún sì ti di ẹ̀rí iṣẹ́ ọnà tí àwọn ọmọ ìlú gan-an yẹ kí wọ́n máa kà. Ogún ti ilẹ̀ ní tirẹ̀ ń gbóná sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ààlà tó kan Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun gba ẹ̀mí, ó sọ ilé di eérú, ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé.

Ẹnìkan lè sọ pé ó rọrùn fún ará Bahia láti gbà kí òrìṣà méjì jó pọ̀, nítorí kò ní oko tí yóò dá ní ẹ̀gbẹ́ odò Erinlẹ̀. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Àgbẹ̀ kò lè fi oríkì gbin iṣu, ibi tí ààlà wà sì jẹ́ ohun tí ilé ẹjọ́ àti àwọn awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ yanjú. Àmọ́ bí ìtàn bá ti di ohun tí wọ́n ń rò lẹ́jọ́, ẹni tó kọ́kọ́ dé nìkan ni wọ́n máa ń wá nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtàn Ìlobùú fúnra rẹ̀ kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀mí: ẹni tó tẹ ìlú dó nínú rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ẹlòmíràn fọ̀nà hàn.

Ti Olúfọ́n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pa á ní Bahia, tilẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń lọ kí Ṣàngó ọba, wọ́n fẹ̀sùn olè ẹṣin kàn án, wọ́n tì í mọ́lé fún ọdún 7, òjò kọ̀, kò rọ̀, títí tí ọba fi bi Ifá léèrè tó sì rí i pé aláìṣẹ̀ wà nínú ẹ̀wọ̀n òun. Ṣàngó tó jẹ̀bi ló pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ funfun, kí wọ́n lọ pọn omi láìfọhùn, kí wọ́n wá fi wẹ àlejò náà, kí wọ́n tó sìn ín padà sí Ifọ́n. Omi yẹn ni àwọn ilé òrìṣà ọ̀hún ṣì ń pọn lọ́dọọdún.