Kòńgẹ́ Ire



Olùkọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, èyíinì ni serendipity. Mo yára dá a lóhùn pé, "Oríire ni." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́.

Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Horace Walpole, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní ọjọ́ 28 oṣù January, ọdún 1754. Ó mú un láti inú ìtàn àwọn ọmọ ọba mẹ́ta ti Serendip, orúkọ tí àwọn ará Páṣíà àtijọ́ ń pe erékùṣù tí a mọ̀ sí Sri Lanka lónìí. Àwọn ọmọ ọba wọ̀nyí ń rin ìrìn-àjò tiwọn, wọ́n sì rí i pé apá kan ọ̀nà nìkan ni ràkúnmí kan ti jẹ koríko, bẹ́ẹ̀ ni koríko apá kejì ni ó dára jù. Wọ́n mọ̀ nípa èyí pé ojú rẹ̀ kan fọ́, bí wọn kò tilẹ̀ rí ẹranko náà rí.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi dúró: ohun tí a kò wá tí ó pàdé wa, àti ojú tí ó là láti mọ̀ ọ́n. Èyí súnmọ́ ohun tí àwa ń pè ní kòńgẹ́ ire. Ẹni tí ó jókòó sílé kì í ṣe kòńgẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń rìn ni.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní ọdún 1822 ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí òkun, a sì mú un lọ sí Sàró. Ní ọdún 1846 ó wà ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni ó wá lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ Ìhìnrere ni ó gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù August ọdún náà, ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì tọ̀ ọ́ wá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí kò bá ṣe pé ó gbà láti padà sí ilẹ̀ tí a ti tà á, ta ni ìyá náà ìbá tọ̀ wá?

Ìbéèrè tí ó le jù nìyí: ǹjẹ́ kí a tìtorí èyí sọ pé oko ẹrú dára? Àwọn kan máa ń sọ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín ní Èkìtì, nítorí pé nígbà tí ibùdó ogun Kírìjì tú ká ní ọdún 1893, tí àwọn ẹrú ń padà sílé, àwọn kan nínú wọn mú ìgbàgbọ́ bọ̀ wá fún wa. Rárá o, ará. Jósẹ́fù kò sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ pé ibi tí wọ́n ṣe kì í ṣe ibi. Ó pe ibi ní ibi, ó sì fi ìyìn ire fún Ọlọ́run tí ó yí i padà.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ẹni tí ó rí nǹkan he, tí inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí yóò kú, ẹni tí ó sọ ọ́ nù ńkọ́? Fún ẹrú kọ̀ọ̀kan tí ó mú Ìhìnrere bọ̀, mélòó ni kò padà mọ́, tí ìyá wọn kú láìgbúròó wọn? Ọpẹ́ tí ó bá gbàgbé wọn, ayọ̀ lásán ni.

Nítorí náà mo tún ìdáhùn mi ṣe fún olùkọ́ náà: gbèsè ni kòńgẹ́ ire. Ẹni tí ó bá rí i, kí ó dúpẹ́, kí ó sì wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó ń wá ohun tí ó sọnù.