Nígbà Tí Ilé Èrò Bá Bọ́ Sọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Kíkà wa lónìí ni Lúùkù 10:30-37 àti Sámúẹ́lì Kejì orí 9. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó jáde nílé.

Gbogbo wa la mọ ìtàn ará Samáríà. Ọ̀nà Jerúsálẹ́mù sí Jẹ́ríkò, ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ gidi ni, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 25, òkè àti àpáta ló yí i ká. Ọkùnrin yẹn gbé ẹni tí wọ́n ṣe léṣe dé ilé èrò, ó tọ́jú rẹ̀ mọ́jú, ó sì fún olùtọ́jú ilé náà ní dínárì méjì. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn fún alágbàṣe nígbà náà. Ó wá ṣèlérí pé ohun tó bá lé lórí rẹ̀, òun á san án nígbà tí òun bá ń padà bọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí nìyẹn: ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ká ní ó padà dé tó bá ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ká ní ẹni àkọ́kọ́ ti ta ilé, tí ẹni tó rà á ò sì mọ nǹkan kan nípa dínárì tàbí nípa ọgbẹ́? Ọkùnrin tó wà lórí ibùsùn ńkọ́, ta ló ni ín? (Bíbélì ò sọ pé ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, èmi ni mò ń rò ó.) Ibì kan ṣì wà lójú ọ̀nà yẹn tí wọ́n ń pè ní Ilé Èrò Ará Samáríà Rere. Ọwọ́ oríṣiríṣi ìjọba ló ti bọ́ sí, mùsíọ́mù ni wọ́n fi ṣe báyìí. Ilé a máa pààrọ̀ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan. Abúlé rẹ̀ wà lápá Ṣakí. Ọmọ rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, oṣooṣù ni wọ́n ń lọ rí dókítà ní Ìbàdàn. Tí wọ́n bá kúrò nílé lọ́sàn-án, ilẹ̀ á ṣú bá wọn ní Ìsẹ́yìn, ilé èrò kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń sùn. Bàbá tó ni ilé náà mọ̀ wọ́n. Tí owó ò bá pé, á ní, "Ẹ máa lọ, tí ẹ bá ń bọ̀ ẹ ó san án." Á tún ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná fún ọmọ náà, nítorí òtútù a máa jí ìrora egungun rẹ̀. Bàbá kú. Àwọn ọmọ ta ilé.

Nígbà tí wọ́n ń fà á lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, wọ́n ka bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ka jẹnẹrétọ̀, wọ́n ka táǹkì omi, títí kan àga inú ọgbà. Kò sẹ́ni tó ka ìyá yìí mọ́ ọn.

Ó dé lálẹ́ ọjọ́ kan, tòun tọmọ. Wọ́n ti kun ilé náà ní ọ̀dà tuntun. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì ní owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́. Ìyá béèrè bàbá, wọ́n ní, "Bàbá wo?" Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì bú ẹni tó ra ilé o. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbèsè ló jẹ kó tó rà á.

Obìnrin tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ ló gba ìyá náà là. Ó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá, òun nìkan ni ọ̀gá tuntun ò dá dúró. Ó ń fọ àwo lẹ́yìnkùlé ló gbọ́ ohùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà ò tíì dájú, ó lè dákẹ́. Ó nuwọ́, ó wọlé lọ bá ọ̀gá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni wa ni ìyá tó wà níta yẹn," ó sì sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọ̀gá jáde wá, ó wo ọmọ náà, ó ní kí wọ́n ṣí yàrá fún wọn.

Ẹ wá wo Dáfídì. Ìtẹ́ Ṣọ́ọ̀lù ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń béèrè bóyá ó ku ẹnì kan nílé Ṣọ́ọ̀lù tí òun lè ṣe lóore nítorí Jónátánì. Ìbéèrè dáadáa ni, ṣùgbọ́n báwo ni ọba ì bá ṣe mọ Méfíbóṣétì, arọ tó ń gbé ilé onílé lọ́hùn-ún ní Lódébárì? Síbà, ìránṣẹ́ ilé àtijọ́, ló sọ fún un. (Síbà yìí náà kì í ṣe ẹni mímọ́ o, ẹ ka orí 16. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó la ẹnu.) Bí arọ ṣe dé ìdí tábìlì ọba nìyẹn.

Bóyá ìwọ tó ò ń ka èyí lo ń gbé ipò sílẹ̀, o ń fẹ̀yìn tì, tàbí wọ́n ń gbé ọ lọ síbòmíràn. Má fi kọ́kọ́rọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ nìkan lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Sọ ti opó tí ẹ máa ń fún ní ìrẹsì. Sọ ti ọmọ tí ẹ ń bá san owó WAEC. Tó bá jẹ́ ìwọ ni ọ̀gá tuntun, béèrè bíi Dáfídì.

Àmọ́ ipò obìnrin tó ń se oúnjẹ yẹn ni púpọ̀ nínú wa wà. Pásítọ̀ tuntun dé, a ń wò ó bóyá á ṣe bíi ti àná. A ń kùn lórí WhatsApp pé kò yọjú sí bàbá tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn láti oṣù mẹ́ta. Ta ló sọ fún un? Àwa la mọ ilé bàbá náà, àwa la mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ṣé ẹ ò lè mú pásítọ̀ lọ síbẹ̀ lónìí, lẹ́yìn iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Olúwa, rán wa létí ẹnì kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n mọ́. Fún wa ní ìgboyà láti nuwọ́, ká wọlé lọ sọ̀rọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.