Ìwúre fún Ẹni Tó Ń Dá Nìkan Ṣe Orin Lóru

Ìwọ tí o wà nínú yàrá kan ní Fìdítì, tàbí ní Ìlọrà, tàbí níbikíbi ní ilẹ̀ Afíjìó, tí o gbé kọ̀ǹpútà lé itan, tí gbogbo ilé ti sùn tí ìwọ ò tíì sùn, yọ íápíìsì kan kúrò létí kí o gbọ́ mi. Ìwọ tí o kò ní onígìtá, tí o kò ní afunfèrè, tí ọwọ́ rẹ nìkan ń ṣe iṣẹ́ ogún èèyàn, ìwọ ni mo dìde dúró wúre fún. Ẹni tó fi ohùn wúwo sẹ́nu ààrá, Òun ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́.

Ọdún yìí, ohun rẹ á dún. Ohun tó bá dún á dùn. Èyí tó bá dùn á di dùndún lọ́wọ́ aráyé, wọn á máa lù ú, kò ní í sú wọn. Ìró ìsàlẹ̀ ló ń gbé tòkè ró: ìsàlẹ̀ rẹ á ró, òkè rẹ á ró, wàá dúró, ohun tí o bá gbé ró kò ní í wó. Báàsì rẹ tó ń mi páànù ilé, á mi ọkàn ẹni tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Ìró tí kò gbọ̀n tó ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí ọmọ èèyàn kì í gbọ́ ọ, àyà ló ń gbọ́ ọ. Ire tí etí kò tíì gbọ́, á kọ́kọ́ dé àyà rẹ. Kó tó di ariwo láàárín ìlú, ìwọ á ti mọ̀.

Ìyá ìlù kì í dá lọ òde, gúdúgúdú a máa tẹ̀ lé e. Ìwọ ni ìyá ìlù, ìwọ náà ni gúdúgúdú. Àyàn Àgalú tó yan àwọn onílù Ọ̀yọ́, á yàn ọ́ mọ́ wọn. Àyàn á yàn ọ́, ayé á yàn ọ́, wàá máa yan fanda.

Mo fi Tony Allen onílù wúre fún ọ. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1940. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìlù ní ọmọ ọdún 18, òun ló sì wá di igi lẹ́yìn ọgbà Fẹlá. Ní 2015, ó lu ìlù sí àwo Sounding Lines tí Moritz von Oswald ará Jámánì ṣe, orin tó wúwo nísàlẹ̀ tó sì fúyẹ́ lókè. Ní 2018, tó ti lé ní ẹni ọdún 75, òun àti Jeff Mills, ògbóǹtarìgì tẹ́kínò láti Detroit, gbé Tomorrow Comes the Harvest jáde, ìlù àgbà lápá kan, ẹ̀rọ ìlù lápá kejì. Paris ló kú sí ní 2020, iyì rẹ̀ kò bá a kú. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé orin ẹ̀rọ kì í ṣe tiwa, má dá a lóhùn, ṣáà máa lù ú lọ. Ìkórè ni Tony àti Mills fi sọ àwo wọn lórúkọ. Ìkórè tìrẹ á dé, ojú rẹ á sì rí i.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn kò ní í mu ẹ̀jẹ̀ rẹ. Àwọn tó gbà pé ọ̀dọ́ tó bá ti gbé kọ̀ǹpútà dání ọmọ Yàhúù ni, wọn ò ní í rí ọ. Bí wọ́n bá rí ọ, wọn á gbọ́ tẹnu rẹ. Bí wọ́n bá gbọ́ orin rẹ, wọn á jó. Iná kò ní í lọ nígbà tí o kò tíì fi iṣẹ́ pamọ́. Iná kò ní í dé lójijì kó jó ẹ̀rọ rẹ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní í pa ọ́ mọ́lé (ìwọ náà, gbé e síta). Iṣẹ́ rẹ kò ní í parẹ́ nínú ẹ̀rọ. Bó bá parẹ́, wàá ti ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Etí lo fi ń ṣòwò: etí rẹ kò ní í di, kò ní í hó, kò ní í gbọ́ ìròyìn òfò. Aládùúgbò tó ń kanlẹ̀kùn lóru kò ní í di ọ̀tá rẹ. Jọ̀wọ́, bá a dín ìró náà kù.

Bí àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń dá ọkọ̀ dúró létí títì nítorí ọsàn Fìdítì, bẹ́ẹ̀ ni aráyé á máa dúró nítorí tìrẹ. Wàá so, wàá pọ́n, wàá tà. Owó rẹ á wọlé, á wọlé pé. Bàbá tó ń béèrè pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an, iwájú ni yóò jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pe orúkọ rẹ. Ìyá rẹ kò ní í mọ irú orin tó jẹ́, yóò sì jó o dé ilẹ̀. Wàá bímọ, ọmọ rẹ á jókòó ti ẹ̀rọ rẹ, kò ní í bà á jẹ́.

Ìwọ tí o kò sì ṣe orin rí, tí o kàn ń ka ìwúre yìí, mi ò yọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ìwọ náà ń dá ṣe lóru, á yọjú lọ́sàn-án, á yọ ọ́ lọ́lá.

Ṣe àmín, ọmọ mi. Kí o sì jẹun kí o tó padà sídìí ẹ̀rọ.