Àlejò, Onílé àti Ìwé Tó Wà Láàárín Wọn

Láàárín àwọn Yorùbá, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí arìnrìn-àjò ń gbà kí ó tó kúrò nílé ni pé kí ó hùwà ọmọlúàbí níbi tó ń lọ. Ìmọ̀ràn rere ni. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kò ṣeé gbójú fò: ǹjẹ́ ìwà nìkan tó láti dáàbò bo ẹni tó fi ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe ilé? Èrò àròkọ yìí ni pé kò tó, àti pé wíwá ìwé àṣẹ àti ìwé àdéhùn jẹ́ apá kan ìwà ọmọlúàbí fúnra rẹ̀.

Ìtàn Ghánà jẹ́rìí sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn fi ń pàtẹ ní ọjà Accra, Kumasi àti Tamale. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì gbọ́ èdè ibẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ 2, tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò ní in. Ìwà wọn kò yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà; ọwọ́ tí ìjọba fi mú òfin ni ó yí padà.

Nàìjíríà kò sì lè fi Ghánà ṣẹ̀sín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Àwọn ará Ghánà ló pọ̀ jù nínú wọn. "Ghana Must Go", orúkọ tí àpò ìkẹ́rù kan gbà nígbà náà, kò tíì kúrò lẹ́nu ará ọjà.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Àlejò tí kò ní ìwé ti sọ oore aládùúgbò di òfin kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ ọ. Ẹrù ńlá ni ó gbé ka ẹni ẹlẹ́ni lórí. Bí ọjọ́ ìṣòro bá dé, aládùúgbò rere kò lè dá àṣẹ ìjọba dúró. Ojú á kàn máa tì í ni. Nítorí náà, ẹni tó tọ́jú ìwé rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ lóore, ó sì ṣe onílé lóore.

Ọ̀rọ̀ náà hàn kedere ní Dansoman, àgbègbè ilé gbígbé ní ìwọ̀-oòrùn Accra. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láàyè láti gbé Ghánà fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Òfin ilé yíyá ti ọdún 1963 kò fàyè gba kí ẹni tó ni ilé béèrè ju owó oṣù 6 lọ ní àsansílẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọdún kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Àlejò tó lówó a san án láìjanpata. Kò rántí pé ọ̀dọ́ ìlú tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ ń wá ilé ní òpópónà kan náà. Níbi yìí, onílé jẹ̀bi, àlejò náà kò sì mọ́.

Lẹ́yìn ìwé ni èdè. Ilẹ̀ àwọn Ga ni Accra, ṣùgbọ́n Twi gbilẹ̀ níbẹ̀. Yorùbá fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún àgbà. Nínú Twi, "mepa wo kyɛw" ló ń ru apá púpọ̀ nínú ẹrù ọ̀wọ̀ yẹn. Yorùbá tó kọ́ Twi láìkọ́ gbólóhùn yìí yóò dà bí aláfojúdi létí wọn, bí ẹni tó pe àgbà Ìbàdàn ní "ìwọ". Òótọ́ ni pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Etí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lò.

Àwọn kan yóò ní bíbéèrè ìwé láàárín ọmọ ènìyàn jẹ́ àìgbọ́kànlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kò lè sọ àjèjì di ará. Ìwà àti èdè ló ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ ìwé ni pé kí ìfẹ́ tí àlejò àti onílé fi ọdún púpọ̀ kọ́ má ṣe wó lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí pé ìjọba bínú.