Ta Ló Ni Iṣẹ́ Aago?

Lọ́dún 1977, ìjọba ológun Nàìjíríà, nígbà tí Ọbásanjọ́ wà lórí oyè, ṣe òfin kan tó to orúkọ àwọn iṣẹ́ tí àlejò ò gbọdọ̀ ní mọ́ nílẹ̀ yìí. Búrẹ́dì ṣíṣe wà níbẹ̀. Irun ṣíṣe wà níbẹ̀. Tẹ́tẹ́ púùlù náà wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ alágbàfọ̀, àti àbẹ́là ṣíṣe. Láàárín wọn ni iṣẹ́ kan wà tí mi ò lérò pé ìjọba lè máa bẹ̀rù kí òyìnbó gbà lọ́wọ́ wa: ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún aago ṣe. Ẹ fojú inú wò ó ná. Àwọn ọ̀gágun jókòó, wọ́n ń ronú lórí ẹni tó yẹ kó máa pààrọ̀ okùn aago ní Ojúẹlẹ́gba.

Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nídìí òfin yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: ta ló yẹ kó ni ibi iṣẹ́? Ṣé ẹni tó mówó wá ni? Ṣé ìjọba ni, ní orúkọ gbogbo wa? Àbí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè yìí ló máa ń di ìjà capitalism àti socialism, tí ọmọ Yaba kan á máa pe ọmọ Sùúrùlérè kan ní ẹrú olówó, tí tọ̀hún náà á ní kó kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Cuba. Ìjà yẹn máa ń dùn, mo máa ń kà á dé ìsàlẹ̀. Àmọ́ àwọn méjèèjì ló sábà máa ń gbà pé ọ̀nà méjì péré ló wà, olówó tàbí ìjọba. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ aago gan-an ni ò jẹ́ kí n gbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Òfin 1977 kọ́ ni àkọ́kọ́, Gowon ti ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 1972. Èrò wọn ni pé àwọn àjèjì ló ń jẹ ọ̀rá ọrọ̀ ajé wa, kí wọ́n tà á fún ọmọ Nàìjíríà: àwọn iṣẹ́ kan pátápátá, àwọn kan ìdá 60 nínú 100, àwọn kan ìdá 40. Èrò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń ra ṣíà, ta ló sì lówó? Àwọn tí báńkì mọ̀ lójú ni: oníṣòwò ńlá, lọ́yà, ọ̀gá àgbà níṣẹ́ ìjọba. Àwọn díẹ̀ kó èyí tó pọ̀ jù nínú òfin àkọ́kọ́, débi pé èyí tó tẹ̀ lé e ní láti fi ìwọ̀n sí iye tí ẹnì kan lè rà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ ní Ilúpéjú àti Ìsọlọ̀ ò rí nǹkan kan ju pé orúkọ ọ̀gá yí padà. Aago ẹnu géètì tó ń gbá káàdì wọn láàárọ̀ ò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ti di ti ọmọ ìlú. (Mi ò sọ pé ọmọ onílẹ̀ o, ẹ̀yin ará Èkó.) Lónìí, aago yẹn ti wọ inú fóònù. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà pín oúnjẹ kiri Yaba, app ló ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ràn socialism á ní àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n tà á, pé ṣe ni kí ìjọba gbà á fún gbogbo wa. Ó dáa. Wọ́n ti ṣe ìyẹn náà rí, lórí aago gan-an, ní ìlú kékeré kan ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní Glashütte, tí kò jìnnà sí Dresden.

Ìlú òtòṣì ni ibẹ̀ jẹ́. Fàdákà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ibẹ̀ ti tán. Lọ́dún 1845, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ferdinand Adolph Lange, tó ti kọ́ iṣẹ́ aago ní Dresden, yá owó lọ́wọ́ ìjọba Saxony lórí àdéhùn pé òun á kọ́ ọmọ ìlú 15 níṣẹ́. Ó kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń mọṣẹ́, ó ń gba àwọn kan nínú wọn níyànjú kí wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀, kí ẹnì kan máa ṣe skrúù, kí ẹlòmíì máa ṣe ọwọ́ aago, kí gbogbo wọn jọ máa ta fún ara wọn. Ẹni tó bá ti lọ síbi fírídọ́ọ̀mù ọmọ iṣẹ́ ní Mushin rí, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ṣe olórí ìlú náà fún ọdún 18. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní fi ẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á: owó ìjọba wà níbẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ òtòṣì wà níbẹ̀, ọgbọ́n orí Lange náà wà níbẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lójú aago.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1945, ọjọ́ tí ogun ń parí gan-an, bọ́ǹbù ọkọ̀ òfuurufú Soviet já lu ilé-iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1948, ìjọba tuntun tó wà lábẹ́ Soviet gbẹ́sẹ̀ lé e láìsan kọ́bọ̀. Walter Lange, àtọmọdọ́mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, sá lọ sí ìwọ̀ oòrùn Jámánì. Lọ́dún 1951, wọ́n da àwọn ilé-iṣẹ́ aago ìlú náà pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì kọ lẹ́tà mẹ́ta síwájú orúkọ rẹ̀: VEB. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú ni.

Ṣé olè ni? Ẹni tó bá ní olè ni, mo gbọ́. Ẹni tó bá ní wọ́n kàn dá ohun tọ́wọ́ àwọn ọmọ òtòṣì yẹn ṣe padà fún wọn ni, mo gbọ́ tiẹ̀ náà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gbà á tán. Ará ìlú tó ni ilé-iṣẹ́ yìí ò lè yan ọ̀gá. Kò lè sọ iye aago tí wọ́n máa ṣe lọ́dún, ètò ìjọba ló ń sọ ọ́. Nígbà tó di 1961, wọ́n mọ odi sáàárín Berlin, kí àwọn onílé má baà sá fi ilé wọn sílẹ̀. Irú onílé wo nìyẹn?

Kí n má purọ́, wọ́n níṣẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ tuntun ń kọ́ṣẹ́, ìmọ̀ náà ò sì kú. Nígbà tí odi wó lọ́dún 1989, tí ọjà wọlé dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló pàdánù iṣẹ́. Walter Lange padà wá, ó sì forúkọ ilé-iṣẹ́ baba rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1990, ọdún 145 gééré sí ọjọ́ tí bàbá ńlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ta ilé-iṣẹ́ ìjọba náà fún aládàáni, ó di Glashütte Original. Nígbà tó wá di ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Richemont ra ti Lange, Swatch Group ra èkejì. Ará Switzerland ni àwọn méjèèjì. Ti ìdílé ni o, ti ará ìlú ni o, ọdún kan náà ni wọ́n bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ní ṣíà nílẹ̀ òkèèrè. Owó aago Lange kan ṣoṣo báyìí á san rẹ́ǹtì fún ọ lọ́dún mélòó kan ní Sùúrùlérè.

Ó ku ọ̀nà kẹta. Ní Besançon, nílẹ̀ Faransé, ilé-iṣẹ́ aago kan wà tó ń jẹ́ Lip. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1973, àwọn òṣìṣẹ́ gba àpò ìwé lọ́wọ́ àwọn alákòóso, wọ́n tú u, wọ́n rí i pé ètò ti wà nílẹ̀ láti lé èèyàn 480 dànù. Lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n kó nǹkan bí aago 25,000, wọ́n lọ fi wọ́n pamọ́ káàkiri. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n pinnu ní ìpàdé pé àwọn á máa ṣe aago lọ láìsí ọ̀gá, àwọn á máa tà á, àwọn á sì máa sanwó fún ara àwọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, wọ́n sanwó lóòótọ́. Ní ọjọ́ 14, ọlọ́pàá lé wọn jáde. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, nǹkan bí 100,000 èèyàn ló wọ́de nítorí wọn.

Ẹ ó bi mí pé aago 25,000 yẹn ńkọ́, ṣé ìyẹn náà kì í ṣe olè? Èmi ò pè é lólè. Ọwọ́ wọn ló ṣe aago wọ̀nyẹn, wọ́n fi ń dúró de owó iṣẹ́ wọn ni. Mo sì mọ̀ pé ohun tí mò ń sọ yìí lè kó mi sí wàhálà, torí ìjọba Jámánì náà lè sọ irú ẹ̀ nípa ti Lange. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ní Besançon, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán, ẹni tó ń de skrúù lè dìde ní ìpàdé, kó ní òun ò fara mọ́ ọn, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Kò pẹ́. Lọ́dún 1974 olówó tuntun gbà á, ó gba àwọn òṣìṣẹ́ padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di 1976 nǹkan tún dàrú. Ẹni tó bá ń ta capitalism fún mi á ní mo rí i báyìí, pé ẹni tó ń fowó ara ẹ̀ wewu ló yẹ kó pàṣẹ. Òdodo wà nínú ẹ̀. Tí ohun èlò bá tán, ta ló máa ra òmíràn? Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà ń wewu. Ẹni tó lo ogún ọdún lẹ́nu ẹ̀rọ, tí wọ́n wá lé e nítorí ìpàdé kan tí kò sí níbẹ̀, èwo nínú ogún ọdún yẹn ni báńkì máa dá padà fún un?

Ẹ padà wá sí Ojúẹlẹ́gba, níbi àwọn atúnaagoṣe tí òfin 1977 gbèjà nígbà kan. Àpótí onígíláàsì kan, awò kékeré lójú kan, pínsà tín-ín-rín, bátìrì nínú ike. Òun ló ni irinṣẹ́ rẹ̀, òun ló ni àkókò rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbá káàdì fún un. Ọmọlẹ́yìn Marx á ní kò sẹ́ni tó ń rẹ́ ẹ jẹ. Olówò á ní ọ̀gá ara ẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì á yìn ín, wọ́n á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Fóònù ti gba oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ibà bá dá a dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ yẹn ò ní owó. Ó ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá, àmọ́ òun nìkan ló ni ín.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé a ní ohun tí àwọn ará Lip ń wá, a sì ní orúkọ fún un: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti ọ́fíìsì dé ọjà, ó wà káàkiri Èkó. Owó ń wọlé lóṣooṣù, wọ́n ń yá ara wọn, wọ́n ń pín èrè lópin ọdún, olúkúlùkù ní ìbò kan. Lọ́dún 1953, alájẹṣẹ́kù ìwọ̀ oòrùn ti ní báńkì tiwọn n'Ìbàdàn, nígbà tí owó kòkó ṣì jẹ́ owó. Lónìí, alájẹṣẹ́kù ń ra ilẹ̀ fún èèyàn, ó ń ra jẹnẹrétọ̀, ó ń kó ìrẹsì wálé nígbà Kérésì. Ó ṣọ̀wọ́n kó ra ibi iṣẹ́.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní akápò kan ti kówó sá lọ rí, pé tí atúnaagoṣe mẹ́fà bá jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Tẹ̀júoṣó, orí ẹni tó máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ jà. Wọ́n á jà lóòótọ́. Ní Lip, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣèpàdé. Ní Glashütte, kò sí ìjà kọ́kọ́rọ́ fún ogójì ọdún, torí wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú alájẹṣẹ́kù, ẹ bá mi gbé e kalẹ̀ níwájú akọ̀wé yín ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀: bí mẹ́fà nínú wa bá wá yá owó ṣọ́ọ̀bù dípò owó fíríìjì, kí ni ẹgbẹ́ máa sọ?