Ọkùnrin Afọ́jú náà àti Ọ̀ràn Àbíkú



Ẹ rántí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, ẹni tí Jòhánù Mímọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún wa ní orí kẹsàn-án Ìyìn Rere rẹ̀. Kí Olúwa wa tó fọwọ́ kàn án rárá ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ń fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, bóyá òun fúnra rẹ̀ ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Olúwa wa sì dáhùn pé kì í ṣe ẹnì kankan nínú wọn. Bí ojú ọkùnrin náà ti là tán, àwọn Farisí bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Wọ́n bi í léèrè, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì tún pe òun tìkára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi kò bá wọn wí nítorí ìwádìí, ìwádìí dára. Ṣùgbọ́n ìdáhùn wo ni ọkùnrin náà ìbá fún wọn tí wọn ìbá gbà? Kò sí ọ̀kan. Wọ́n ti pinnu ṣáájú pé ẹni tí ó wo aláìsàn sàn ní ọjọ́ Ìsinmi kò lè ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Nítorí náà ojú tí ó là níwájú wọn gan-an ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Ẹ kíyè sí i pé wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, ẹ̀kọ́ wọn ni wọ́n sì fi ń gbèjà ara wọn.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn ará àtijọ́ nìkan ni èyí. A ní tiwa ní Ìjàn níhìn-ín, àti ní Adó, àti ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Obìnrin a bí ọmọ, ara ọmọ a dá ṣáṣá. Nígbà tí ó bá tó bí oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, a máa ké ní òru, ibà pọ́njú a mú un. Kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ dáadáa, ó ti lọ. Òmíràn a tẹ̀ lé e, òun náà a lọ. A sọ wọ́n ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó, a sì so ṣaworo mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà mìíràn a fi ọ̀bẹ tàbí iná sàmì sí òkú ọmọ lára, kí a lè dá a mọ̀ bí ó bá tún padà wá.

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní Chicago ní Amẹ́ríkà, James Herrick, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ohun tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé nínú nígbà tí a fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n gan-an ni ó yàtọ̀. Èyí ni àrùn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, àwọn méjèèjì, ni ó ti ń wá. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú oyún ni ó ń dáàbò bò ó ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ara rẹ̀ fi ń le kí ìyọnu tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kò sọ pé gbogbo àwọn tí a pè ní àbíkú ni àrùn yìí pa. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ọmọ ti ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà kan náà, ẹ̀jẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní ọdún 2006 pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ tí ó ní àrùn náà ni a ń bí lọ́dọọdún.

Èé ṣe nígbà náà tí àwọn kan kò fi gbà á? Ìdí kìn-ín-ní ni pé ìgbàgbọ́ àtijọ́ náà kò ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rí lè gbà wọlé. Bí ọmọ bá yè, ètùtù ni ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá kú, ẹgbẹ́ ọ̀run ni ó lágbára jù. Àwọn bàbá wa tilẹ̀ ní òwe fún un, pé àbíkú sọ olóògùn dèké. Ohun yòówù tí ó bá ṣẹlẹ̀, ìgbàgbọ́ náà a jàre.

Ìdí kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tí ó jẹ́ kí a kọ ọmọ rẹ̀ lára lẹ́yìn ikú, bí ó bá gba ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí, ó gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú pé lásán ni a kọ ọ́. Ta ni yóò fi ayọ̀ gba irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ má ṣe fi irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín láé. Bẹ́ẹ̀ ni ti bàbá tí àwọn ẹbí rẹ̀ lé ìyàwó jáde nílé pé àjẹ́ ni, pé òun ni ó ń pa ọmọ. Ẹ̀rí náà dá obìnrin náà láre, ó sì fi ìdajì ọ̀ràn náà lé ọkọ lọ́wọ́. Àwọn òbí afọ́jú náà mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rù pé a ó lé wọn jáde nínú sínágọ́gù, wọ́n sì ti ọ̀rọ̀ sí ọmọ wọn lọ́rùn.

Ìjọ Mímọ́ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní 1633 a dá Galileo lẹ́bi ní Róòmù nítorí ó ní ayé ni ó ń yí oòrùn ká. Ọdún 1992 ni Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì tó sọ ní gbangba pé àwọn onídàájọ́ náà ṣìnà.

Nísinsìnyí mo yíjú sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó. Ẹ kò pe ẹnikẹ́ni ní àbíkú mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé àyẹ̀wò bá sọ pé AS ni ẹ̀yin méjèèjì, tí a sì ti ra aṣọ ẹbí, ẹ a ní ẹnì kan ríran pé kò sí ewu. Ẹ a tọ́ka sí tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ AS méjèèjì, tí ọmọ wọn mẹ́ta sì le koko. Ẹ gbọ́: kì í ṣe pé ọ̀kan yóò jẹ́ SS bí ẹ bá bí mẹ́rin. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni ewu náà wà, ẹyọ kan nínú mẹ́rin, bí ìgbà tí a ń da owó ẹyọ. Dídà tòní kò rántí tàná. Ilé kan lè bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, kí òmíràn ní mẹ́ta. Òótọ́ ni pé ibi àyẹ̀wò kan lè ṣàṣìṣe, ó sì tọ́ kí ẹ tún un ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ sí ibi mẹ́rin títí ó fi rí èyí tí ó kọ AA fún un, kì í ṣe òtítọ́ ni ó ń wá. Ìjọ kò sọ pé AS kò gbọdọ̀ fẹ́ AS. Àwọn tí ó bá fẹ́ ara wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀.

Ní ti ọmọ tí ó ti wà láàárín wa tí àrùn náà ń bá jà, ẹ má ṣe pè é ní àbíkú létí rẹ̀. Ẹ fún un ní omi mu dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ má ṣe jẹ́ kí oògùn folic acid rẹ̀ àti èyí tí dókítà fún un láti dènà ibà tán nílé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná ní òru, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́.