Ohun Tí A Bá Fi Ẹ̀sọ̀ Mú

Àwọn àgbà tí wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko, kì í ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn; síbẹ̀ n kò mọ òwe tó yẹ baálé ilé tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣàdédé dákú lójú ọ̀nà Ìbàdàn jù ú lọ. Peugeot 504 tó gbé ọmọ relé ìwé, tó gbé ìyàwó wọlé, tó sì gbé òkú àgbà relé, ó ti di ehoro tó dàgbà tán, tí ń mu ọmú ọmọ rẹ̀. Bí èéfín funfun bá ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jókòó. Omi inú rédíétọ̀, nítorí pé a dé e pinpin, lè gbóná kọjá ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígrédì láìhó. Ẹni tó bá fi ìkánjú ṣí ọmọrí rẹ̀, ojú ni yóò fi gbà á. Omi tútù tí a sì dà lu irin gbígbóná lè là á. Nígbà tó bá tutù, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló sì sábà máa ń jó. Mẹkáníìkì ló kàn, bí èrò inú ọkọ̀ tilẹ̀ ti dá orin àdúrà.